Ogójì Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Àgbà Kò Fọwọ́ Kan Gìtá

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí Bàbá mi àgbà lo ọdún méjìlélọ́gọ́rin lókè eèpẹ̀, tó sì dá etí orin wọn sí títí dé òpin. Mo dúpẹ́ pé inú ilé ara wọn, lórí Grand Concourse ní Bronx, ni wọ́n ti sùn lọ, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí oòrùn ti wọ yàrá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo dúpẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń lọ, kò sí ẹnì kan láyé tí wọ́n bá ṣe ọ̀tá. Díẹ̀ ló kù kó má rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ròyìn nìyẹn.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń wò mí tìyanu-tìyanu láti ọjọ́ ìsìnkú. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tí ẹ jọ ń gbé, ìwọ tí o tọ́jú wọn, omijé rẹ kò mà pọ̀." Òótọ́ ni. Mo sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Fún ọdún mẹ́fà ni ẹ̀rù fi ń bà mí pé Bàbá yóò kú pẹ̀lú ìjà nínú. Wọn kò gbé e lọ. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Bàbá, wọ́n sì wa bọ́ọ̀sì ìlú ní New York fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì pàápàá, ìjókòó iwájú ni wọ́n máa ń wá nínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n lè máa ṣọ́ dírẹ́bà. Bí ọkọ̀ bá yà, ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ bíréèkì. Lọ́jọ́ kan, dírẹ́bà obìnrin kan wò wọ́n nínú díńgí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ wá wà á ni?" Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n jọ̀wọ́ jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, èmi ni mo fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ mi kò tíì gbọ́."

Gìtá ni ọ̀rẹ́ wọn. Wọn kì í fọwọ́ kàn án láìfọ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹun, wọ́n sì ní aṣọ ìnura kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nu nǹkan mìíràn. Ará Mississippi kan tí wọ́n jọ ń wa bọ́ọ̀sì ló kọ́ wọn ní orin búlúùsì ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán. Ọkùnrin náà a máa ki ọrùn ìgò bọ ìka, á sì fi máa yọ́ lórí okùn gìtá, títí ohùn gìtá yóò fi dà bí ohùn ènìyàn tó ń dárò. Bàbá ní ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ńṣe ni àwọn bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, àwọn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ta ló kú?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó kú, iṣẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń dùn ún.

Orin yìí dá awuyewuye sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Methodist wa. Alàgbà kan pe Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, gìtá tí ẹ fi ń gbe orin ìyìn, òun náà lẹ fi ń kọ orin ilé ọtí." Èmi wà níbẹ̀, mo ń kó ìwé orin jọ. Bàbá kò bínú. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n sì ní, "Alàgbà, àwọn tó ń gbọ́ ọ ló mutí. Orin náà kò mu nǹkan kan."

Bàtà ló mú Bàbá mọ Jòhánù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàtà àwọn dírẹ́bà máa ń jẹ kíákíá nítorí bíréèkì, Bàbá sì gbé tiwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin ará Gíríìsì kan tó ń tún bàtà ṣe ní Astoria. Yánísì ni orúkọ ọkùnrin náà, èyí tí í ṣe Jòhánù ní èdè tiwọn, láti ọjọ́ náà sì ni Bàbá kò ti pè wọ́n ní nǹkan mìíràn mọ́. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ síra wọn. Èmi ni mo ń yí i sí Yorùbá níhìn-ín. Ohun èlò orin kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, ikùn rẹ̀ yọ bí igbá, ọrùn rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá ní, "Kí lèyí?"

"Búsúkì ni. Má fọwọ́ kàn án."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Èmi náà ní ìyàwó nílé tí mi ò kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn."

Jòhánù wo Bàbá láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú búsúkì náà sọ̀kalẹ̀. Bàtà náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n wá ń lò pọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín òórùn awọ àti kọfí. Ará erékùṣù ni bàbá Jòhánù, ṣùgbọ́n orí òkè ni ìyá wọn ti wá, lẹ́bàá ibodè Bulgaria, ní ìhà àwọn òkè Balkan. Orin ìhà méjèèjì sì lágídí. Búlúùsì ń rìn ní mẹ́rin-mẹ́rin bí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Orin tiwọn ń rìn ní méje, òmíràn ní mẹ́sàn-án, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ tó sì fi ń yangàn. Fún oṣù kan gbáko ni Bàbá ń já sí kòtò. Jòhánù á pariwo, "O tún ti sọ ọ̀kan nù! Méje! Ṣé ẹ kì í ka méje ní Áfíríkà ni?"

Nínú bọ́ọ̀sì ni Bàbá ti rí ojútùú rẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń dúró de iná, ni àdúrà bọ́ sí àwọn lẹ́nu: Olúwa, ṣeun, ṣeun. Mẹ́ta, méjì, méjì. Méje ti pé! Wọ́n yí i padà: ṣeun, ṣeun, ṣeun, Olúwa. Mẹ́sàn-án nìyẹn. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, wọn kò sọ ọ̀kankan nù mọ́. Jòhánù ń wo ẹnu Bàbá tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n ní, "Kí lo ń sọ?" Bàbá ní, "Mò ń dúpẹ́ ni. Orin yín kò ṣeé kà, àfi ká fi í dúpẹ́."

Ṣùgbọ́n ìyá Jòhánù gan-an ló so orin méjèèjì pọ̀. Arúgbó ni wọ́n, aṣọ dúdú ni wọ́n máa ń wọ̀, wọn a sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìgbóná ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní orin òkè kan, ti ọmọ tó lọ sí ìdálẹ̀ tí kò padà, àwọn ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tí ohùn wọn máa ń gbà tí búsúkì kò lè dé, nítorí irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀ ti pín ohùn fún un. Bàbá ki ọrùn ìgò bọ ìka, wọ́n ń yọ́ tẹ̀lé ohùn ìyá náà lórí okùn, wọ́n dé gbogbo ibi tó dé. Ìyá náà dá orin náà dúró. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ọmọ wọn ní èdè wọn, Jòhánù sì túmọ̀ rẹ̀: "Ìyá mi ní, bi ọkùnrin yìí léèrè, ìgbà wo ló dé abúlé wa?"

Ẹ ó rí i pé ìfẹ́ ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìyá Jòhánù kú ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Lójú Bàbá, òkú àgbà ni, òkú ọpẹ́. Ìyá ọ̀rẹ́ ẹni kú ní irú ọjọ́ orí yẹn, tí èèyàn kò bá gbé orin lọ, àbùkù ni. Bàbá wọ agbádá funfun, wọ́n fi fìlà lé e, wọ́n gbé gìtá, ó di ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Gíríìkì. Èmi kò lọ. Iṣẹ́ kò jẹ́. Màmá mi, ọmọ bíbí Bàbá, ni wọ́n bá wọn lọ, àwọn ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní bí àlùfáà ṣe sinmi díẹ̀, ni Bàbá dìde, tí wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ pósí, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin òkè ìyá náà pẹ̀lú ọrùn ìgò. Wọn kò sì fi mọ síbẹ̀. Wọ́n mú un yá, wọ́n ń jó. Lẹ́yìn náà ni àwọn àbúrò Jòhánù méjì di Bàbá lápá, wọ́n mú wọn jáde. Jòhánù tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ojú wọn ti pọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Ìyá mi lo fi ṣẹlẹ́yà."

Ọdún mẹ́fà. Bàbá kò lọ sí Astoria mọ́, Jòhánù kò sì pè. Gìtá ń dún nílé, ṣùgbọ́n mẹ́rin-mẹ́rin ló padà ń rìn. Bí a bá dárúkọ Jòhánù, Bàbá á ní, "Mo bu ọlá fún ìyá rẹ̀, ó ní mo ṣẹ̀. Kí n wá tọrọ àforíjì fún ọlá?" Màmá mi á ní, "Ẹ̀yin Ẹ̀gbá àti orí kunkun!" Bàbá á dáhùn pé, "Ìwọ náà, níbo lo ti wá?" A óò rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń rí wọn ní ọ̀sán Sátidé, tí wọ́n ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ọwọ́ wọn kò mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí dókítà wá sọ pé ọkàn wọn ti rẹ̀, pé kí a má retí ọdún púpọ̀ mọ́, ohun tí mo gbàdúrà lé lórí kì í ṣe ẹ̀mí gígùn. Mo ní, "Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n gbé ìjà yìí wọ ilẹ̀."

Ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà dáhùn, ibi iṣẹ́ mi ló gbà. Àwọn arúgbó ni mo ń tọ́jú nílé wọn, wọ́n sì rán mi sí ọ̀dọ̀ ìyá kan tó jẹ́ Gíríìkì. Lọ́jọ́ kan, mò ń fọ abọ́, mo ń kọrin, ìyá náà ní kí n jọ̀wọ́ má kọrin, ẹ̀gbọ́n àwọn kú ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo tọrọ gáfárà, mo sì béèrè. Ìyá náà wá là mí lóye pé nínú ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì wọn, ohun èlò orin kì í wọ ilé ìsìn rárá, àní ní ọjọ́ ayọ̀. Ohùn ènìyàn nìkan ni. Pé bí ẹnì kan bá kú, ó kéré tán, ogójì ọjọ́ ni ilé fi ń dákẹ́: kò sí rédíò, kò sí ijó, ìbáà ṣe ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ló lọ. Àwa náà ní ogójì ọjọ́ nílé, ṣùgbọ́n àsè ni a fi ń ṣe tiwa. Abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀bà. Wọ́n fi òkèlè sílẹ̀. Wọ́n ní, "Kò sí ohun èlò kankan? Ní ọjọ́ ayọ̀ pàápàá?"

"Kò sí, sà."

"Èmi sì jó."

"Ẹ jó, sà."

Wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ki gìtá bọ àpò rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ fi sábẹ́ ibùsùn mi. "Ogójì ọjọ́ tí ó yẹ kí n fi dákẹ́ fún ìyá yẹn, òní ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Pẹ̀lú irú ọkàn tí wọ́n ní, ta ló ní ogójì ọjọ́ lọ́wọ́? Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká lọ lọ́la, tàbí kí wọ́n pe Jòhánù lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Bàbá wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọn kò kọ́ nílé. "Ìyàwó mi, wọn kì í fi fóònù dọ̀bálẹ̀."

Báyìí ni ilé wa ṣe dákẹ́. Wọ́n pa rédíò. Bí mo bá gbàgbé tí mo ń súfèé, wọ́n á gbé ìka kan sókè. Ní ọjọ́ Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹgbẹ́ jó dé iwájú pẹpẹ, Bàbá nìkan ló jókòó, ọwọ́ wọn lórí orúnkún. Màmá mi tẹ̀ mọ́ wọn létí, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ dìde díẹ̀, wọ́n á ní ara yín kò yá." Bàbá dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ̀yin ń jó fún ìkórè. Èmi ń dákẹ́ fún ẹni tí mo pariwo lé lórí." Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, èémí wọn ṣe ségesège, a sì lo ọjọ́ mẹ́ta nílé ìwòsàn. Mo ń ka ọjọ́ lórí ìka mi bí aláboyún. Nọ́ọ̀sì tan tẹlifíṣọ̀n sí orin fún wọn, Bàbá ní kó jọ̀wọ́ pa á. Ó ní ṣé orí ń fọ́ wọn ni. Wọ́n ní, "Rárá, ọmọ mi. Mò ń ṣọ̀fọ̀, ó kàn pẹ́ kó tó yé mi ni."

Ogójì ọjọ́ pé. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ a wọ tíréènì méjì lọ sí Astoria, èmi, Bàbá, ọ̀pá wọn, àti abọ́ àlìkámà sísè tí mo fi ṣúgà àti èso gbígbẹ sí, bí àwọn Gíríìkì ti máa ń ṣe é ní ìrántí òkú. Ìyá tí mò ń tọ́jú ló kọ́ mi. Jòhánù wà nídìí iṣẹ́, irun wọn ti funfun pátápátá. Wọ́n gbójú sókè. Bàbá kò kí wọn. Wọ́n fi ọ̀pá ti ògiri, wọ́n kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, wọ́n kúnlẹ̀ lórí èkejì, wọ́n sì na gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárín awẹ́ awọ.

Jòhánù ju bàtà sílẹ̀, wọ́n ké, "Ó ti ṣubú! Pe ambulance! Ọkàn rẹ̀ ni!"

Mo ní, "Rárá, sà, wọn kò ṣubú. Wọ́n ń bẹ̀ yín ni. Bí a ti ń bẹ àgbà nìyẹn."

"Àgbà bí i ti báwo? Òun ló dàgbà jù mí!"

Bàbá sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀, láìgbójú sókè. "Jòhánù, kì í ṣe ìwọ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún. Ìyá rẹ ni. Mo jó níbi tó yẹ kí n ti dákẹ́. N kò mọ̀. Mo ti wá dákẹ́ ogójì ọjọ́ fún wọn báyìí."

Mo gbé abọ́ náà sórí tábìlì, mo ṣí i. Jòhánù rí àlìkámà náà, wọ́n sì mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n jáde láti ẹ̀yìn tábìlì, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, wọ́n gbá ọwọ́ wọn mú. Wọ́n ní, "Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀sín. Ìyá mi ìbá ti jó pẹ̀lú rẹ. Ojú ló ń tì mí, nítorí pé mo jẹ́ kí wọ́n fà ọ́ jáde."

"Ọdún mẹ́fà ni ojú fi ń tì ọ́?"

"Ìwọ ńkọ́? Olórí kunkun."

"Ẹ̀gbá ni mí. Kí ni àwáwí tìrẹ?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sunkún. Àwọn méjèèjì kò wá lè dìde mọ́. Mo fa ọ̀kan, mo fa èkejì, títí oníbàárà kan fi wọlé láti gba bàtà rẹ̀, tó sì bá mi gbé àwọn arúgbó méjì dìde nílẹ̀. Lórí tíréènì tí à ń bọ̀, Bàbá sùn sí èjìká mi. Èmi náà mí, èémí tí mo ti ń dì mú láti ọjọ́ pípẹ́.

Oṣù méje ni Ọlọ́run fi kún un. Gbogbo Sátidé, bí ara wọn bá gbà, a lọ; bí kò bá gbà, Jòhánù gbé búsúkì wá sí Bronx. Orin wọn ti dẹ̀, ó lọ́ra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, méje àti mẹ́sàn-án sì ti padà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn dé.

Bí a ti ń sin òkú àgbà ni a ṣe sin Bàbá, pẹ̀lú orin àti ijó, a sì fi ìlù gbè é. Jòhánù wá nínú kóòtù dúdú, ọwọ́ òfo. Mo rí i pé àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọ̀rẹ́ Bàbá kò gbé ohun èlò wá. Mo lọ bá Jòhánù ní àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé mi, mo dá a padà. Mo mọ̀ pé níhìn-ín, ọ̀rẹ́ ló yẹ kó kọrin. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbà."

Mo ní, "Ẹ wọlé, sà. Ó yé wa."

Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. "Ẹ̀yin, ẹ jó fún un dáadáa. Èmi yóò dákẹ́ fún un, ogójì ọjọ́. Òun ni yóò mọ bí a ṣe ń ka méjèèjì pọ̀."

A jó. Jòhánù jókòó ní iwájú láàárín wa, wọ́n dákẹ́, kò sì sí ẹni tó ṣẹ ẹnì kan.

Ìwọ tí o ka èyí dé òpin, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ìjà kankan pẹ́ láyé jù ọ́ lọ. Kí Ó fi ohun tí o kò mọ̀ hàn ọ́ nígbà tí àkókò ṣì wà. Kí Ó fún ọ ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí o ṣẹ̀, kí o sì bá a nílé. Àmín.